Àmín Kì í Gbẹ̀bí

Òkè Padre, Ìbàdàn,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ìgè Àdùbí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

N kò ní í bi ọ́ bóyá àlàáfíà ni. Mo mọ èsì rẹ kó o tó la ẹnu: àlàáfíà ni, a dúpẹ́, kò séwu. Èsì yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú gègé lọ́wọ́ lónìí, èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ń nu òógùn. Ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì ìrìbọmi kò ju kí n lè ka Bíbélì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ẹni tí mo lè rán pé kó bá mi kọ ọ́.

Àná ni lẹ́tà rẹ dé láti òkè lọ́hùn-ún tí ọkọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́ réluwé. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ni mo wà, ọṣẹ ti fẹ́ jinná, eérú dé ìgúnpá mi. Mo nu ọwọ́, mo jókòó lórí àpótí, mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó ṣí i, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oyún ló máa kún inú rẹ̀. Ìgè, n kò mọ ìgbà tí mo figbe ta. "Yéè! Mo gbé!" Ìyá Oníyọ̀, arúgbó tó ń ta iyọ̀ ní Ọjà'ba, ìyẹn tí o mọ̀ dáadáa, wà lọ́dọ̀ mi, ó wá gba ọṣẹ. Ó ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ibi tí a ti ń wo ara wa ni ọṣẹ ti jóná mọ́ ìkòkò, tí gbogbo àgbàlá ń rùn.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ kọ fún ọ, kí ìwọ náà fi ojú ara rẹ rí i. O ní:

"Ìyá mi, èmi àti Sámúẹ́lì ti fòfin de ọ̀rọ̀ burúkú nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ ire nìkan ló ń wọlé tọ̀ wá. Ìyá Tápà kan tó ń gbẹ̀bí níhìn-ín wá fọwọ́ kàn mí níkùn, ó ní orí ọmọ ń bẹ lókè, ẹsẹ̀ ló kọ sísàlẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa wá fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, àti pé tí oṣù bá ti ń pé, ká kó lọ sí ìlú tí dókítà òyìnbó wà. Mo ní kó jáde. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò ní í gbà á. Ẹnu wa ni àfọ̀ṣẹ wa, bí a bá ṣe sọ ọ́ ni yóò rí. Ẹ̀yin náà, ẹ má tíì wá. Sámúẹ́lì ní àwọn ìyá máa ń kó ẹ̀rù wọlé. Kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rù? Ṣebí ẹsẹ̀ lèmi náà fi wáyé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa ń sọ pé mo yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀."

Háà! Ìgè! O lé agbẹ̀bí jáde? Obìnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé rẹ, tí kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é, tó fọwọ́ kàn ọ́, tó sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá pàdé, ìwọ ọmọ tí mo fi àánú kọ́, o fi ọ̀nà ìta hàn án? Tí ẹlòmíràn bá wá sọ fún mi pé Ìgè ṣe báyìí, irọ́ ni mo máa pè é. Mo wo ọwọ́ ìwé náà títí bóyá ọwọ́ rẹ kọ́. Ọwọ́ rẹ ni. Mo mọ bó o ṣe máa ń fa ìrù "y".

Ó dáa. Ariwo tó. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn bí òbí ṣe ń gba ọmọ, n kò sì ní í pa nǹkan kan mọ́. Tí o bá ń kà á lórí ìdúró, jókòó.

Èkíní, Ìgè: ẹni tó rí nǹkan tó sọ ọ́ kọ́ ló dá nǹkan náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni mo ti kọ́ èyí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. O mọ bàbá rẹ ní àgbà, onísùúrù, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O ò mọ̀ ọ́n nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tí a ṣì ń gbé agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnká. Ìbàdàn ìgbà yẹn, gbogbo ọkùnrin ló fẹ́ kí wọ́n rí òun lórí ẹṣin bí ọmọ ológun. Bàbá rẹ náà lọ sí Ọjà'ba, ó ra ẹṣin pupa kan lọ́wọ́ Gàm̀bàrí. Mo bá a lọ. Ẹṣin náà ń wúkọ́, ihò imú rẹ̀ ń ṣe omi. Mo fà á lápá, mo ní, "Bàálé mi, ẹṣin yìí ń wúkọ́ o." Ó yí ojú sí mi bí ẹni pé mo ṣépè fún un.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ! Kì í ṣe ikọ́. Ó ń yán ni. Ẹṣin ń yán, o ní ó ń wúkọ́. Má fi ẹnu rẹ ba nǹkan mi jẹ́."

Ó gun ẹṣin náà. A ò tíì kúrò ní ẹsẹ̀ òkè Mápó tí ẹṣin fi kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Àwọn èèyàn dúró. Bàbá rẹ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tuntun, ó ní, "Ó ń kí àwọn àgbà ni." Ẹṣin dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ẹ̀wù, ó ní, "Ẹ fún un láàyè. Ó ń sinmi ni." A dúró, a dúró. Bàbá arúgbó kan tó ń kọjá wo ẹṣin, ó wo bàbá rẹ, ó ní, "Àlàó, ẹṣin tó ń sinmi kì í jẹ́ kí eṣinṣin wọ òun lójú."

Hẹ̀! Ẹ̀rín pa àwọn ará Mápó lọ́jọ́ náà. Kí a tó dé ilé, orúkọ ti ṣáájú wa dé. "Ó-ń-sinmi! Ó-ń-sinmi, ẹ kú àbọ̀ o!" Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Mo mọ̀ pé o ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ níwájú.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé èmi tí mo ní ẹṣin ń wúkọ́ kọ́ ni mo fi ikọ́ sí i lọ́fun. Bí mo bá sọ, ikọ́ ni. Bí mo bá dákẹ́, ikọ́ náà ni. Àmọ́ tí bàbá rẹ bá gbà pé ikọ́ ni, bóyá ì bá ti dá ẹṣin padà fún ẹni tó ni ín, tàbí kó wá ẹni tó mọ egbòogi ẹṣin. Ìgbà tó ní ó ń yán, kí ló tún kù láti ṣe? Ìyá Tápà tí o lé kọ́ ló gbé orí ọmọ rẹ sókè, Ìgè. Ó bá a níbẹ̀ ni.

Má wá rò pé mo ní kó o máa wo ojú ikú láràárọ̀. Ẹni tó ń rí ikú nínú gbogbo àwo ọbẹ̀, òun náà kò ríran. N kò sì bá àdúrà jà. Òní gan-an, mo ti kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí orúnkún mi fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti ń se ọṣẹ yìí, n kò rí ọjọ́ kan tí mo ṣe àmín sí ìkòkò tí iná abẹ́ rẹ̀ sì jó fúnra rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ wo iná. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tí ẹni tó ń sunkún bá ń ríran, kí ló dé tí ẹni tó ń ṣe àmín ní láti dijú?

Èkejì. Gègé yìí ti ń wúwo lọ́wọ́ mi.

Ìgè, kó o tó mọ nǹkan kan láyé, mo ní orogún. Èmi ni ìyáálé. Mo wọ ilé bàbá rẹ, mo pẹ́ níbẹ̀, n kò bímọ. Bàbá rẹ fẹ́ ìyàwó lé mi, orúkọ rẹ̀ ni Àṣàkẹ́. Mo mọ̀ pé o máa retí kí n sọ ìjà orogún fún ọ. A ò jà. Ọmọ náà kò ṣe é bá jà. Ó máa ń jí ẹ̀pà mi jẹ nínú agolo, èmi náà a sì máa bú eku sókè kó lè gbọ́, òun a máa rín nínú yàrá títí ẹ̀pà á fi há a lọ́fun. "Ìyáálé mi" ló ń pè mí. Tí mo bá ń ro ọṣẹ, á wá gba ọmọ orógùn lọ́wọ́ mi, kò ní mọ̀ ọ́n rò, á ta sí wa lára, a ó máa sá.

Àṣàkẹ́ lóyún. Ayọ̀ gba agboolé kan. Ìyá bàbá rẹ ránṣẹ́ sí agbẹ̀bí kan ní Bẹẹrẹ, Ìyá Lábísí, pé kó wá wo ìyàwó. Obìnrin náà gbẹ, ojú rẹ̀ le, kì í rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kàn án lókè, ó fọwọ́ kàn án nísàlẹ̀, ó tún padà sókè. Gbogbo wa jókòó yí i ká. Ó ní, "Orí ọmọ yìí ń bẹ lókè. Ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá tí a bá fi í sílẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n máa wá, n óò máa fọwọ́ yí i. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà, nígbà mìíràn kì í gbà. Bó ti wù kó rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìrọbí láìránṣẹ́ sí mi."

Ìyá bàbá rẹ dìde fùú. "Ẹnu rẹ ò mọ́! Ẹnu rẹ ò ní gbà á fún wa! Orí wa kọ̀ ọ́! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!"

Gbogbo agboolé ní, "Àmín!"

Bàbá rẹ yíjú sí agbẹ̀bí, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu ba ayọ̀ mi jẹ́."

Ìyá Lábísí kò bínú. Ó ká ìró rẹ̀, ó ní, "Èmi ò fi ẹnu ṣe nǹkan kan o. Ọwọ́ ni mo fi kàn án. Tí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ yín kàn án." Ó na ọwọ́ sí ikùn Àṣàkẹ́, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Wọ́n lé e jáde. Ṣé o rí i? Bó o ṣe lé tìrẹ gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Àṣàkẹ́ jókòó ní àgbàlá, à ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ̀yin, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan le lábẹ́ egungun ìhà mi níbí." Ó fi ọwọ́ mi lé e. Ìgè, ó le. Ó rí rogodo, ó tóbi bí ahá tí a fi ń bu omi. Mo tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀, ó tún padà wá bá ọwọ́ mi. Orí ọmọ ni. Mo mọ̀ pé orí ọmọ ni bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ẹ̀rù bà mí, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ní, "Kò séwu. Ọmọ ń ṣeré ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé, ìyáálé mi. Ọkàn mi balẹ̀."

Títí di òní, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọkàn òun balẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni ìrọbí mú un. Oòrùn ti yọ dáadáa. A kò ránṣẹ́ sí Ìyá Lábísí, nítorí pé tí a bá ránṣẹ́ sí i, ó túmọ̀ sí pé a ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọmọ yọ. Ìgè, àwọn obìnrin bú sí orin! "Ìgè ni! Ìgè Àdùbí dé!" Wọ́n ń jó nínú yàrá. Ara ọmọ jáde. Orí kọ̀. Orin wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá bàbá rẹ ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." A ní àmín. Ó tún un sọ, a tún ní àmín. Àṣàkẹ́ ti dákẹ́ igbe, ojú mi ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo já síta, mo sáré gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ láìwé gèlè. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún yàrá yẹn, ọmọ mi.

Obìnrin tí a lé jáde náà kò ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ó ju ọmọ odó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń sáré níwájú mi. Nígbà tó dé, ó lé gbogbo wọn síta, ó dá èmi nìkan dúró. N kò ní í kọ gbogbo ohun tó ṣe. Ó gba ọmọ náà. Ọmọ ti dúdú, ó gbá a ní ìdí, ó gbá a, ọmọ ké. Àwọn ará ìta hó, "A gbóhùn ọmọ o!" A wá ń retí ti ìyá. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìyá Lábísí ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ mọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá. A ò gbóhùn ìyá.

Bàbá rẹ ti ìlẹ̀kùn wọlé. Ó rí Àṣàkẹ́ lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ sókè sí wa pé ká má pariwo. Ó ní, "Ẹ rọra. Ó ń sinmi ni."

Yéè, Ìgè! Mo gbọ́ ọ. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ìyá Lábísí fa aṣọ bo Àṣàkẹ́ lójú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tó tún pe bàbá rẹ ní Ó-ń-sinmi mọ́.

Ó ti yé ọ báyìí. Mo mọ̀ pé ó ti yé ọ, nítorí orí rẹ pé. Ìwọ ni ọmọ náà. Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Àṣàkẹ́ ló bí ọ. Ìyá Oníyọ̀ tó máa ń bu èènì lé èènì fún ọ tí o bá lọ ra iyọ̀, tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí omi máa ń lé sí i lójú tó bá rí ọ, òun ló bí Àṣàkẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn.

Bàbá rẹ ló ní ká má sọ fún ọ. Ó ní ọkàn ọmọ kò gbọdọ̀ gbọgbẹ́. Ìdí rèé tó fi kó wa kúrò ní Bẹ́yẹrúnká wá sí Òkè Padre, tí n kì í fi jẹ́ kó o sùn ní agboolé yẹn mọ́jú. Ó bẹ Ìyá Oníyọ̀, arúgbó náà sì gbé e mì. Bí ahọ́n ènìyàn ṣe lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, o ṣì kéré, o jókòó tì mí, à ń gé ọṣẹ. O ní, "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe bí mi?" Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ṣé o rí i? Bó ṣe yọ̀ bọ́ yìí náà lo ṣe yọ̀ bọ́." O rẹ́rìn-ín títí o fi ṣubú. Ẹ̀rín rẹ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ni mo bá sọ ọ́ di ìtàn, mo ń sọ ọ́ fún ọ ní gbogbo ìgbà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lánàá, nídìí ìkòkò ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ dídùn tí mo fi pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tó o wà lọ́mọdé ni o gbé dìde tí o fi lé agbẹ̀bí rẹ jáde. Ohun tó jẹ́ kí n pariwo nìyẹn. Mo rí ẹnu ara mi nínú lẹ́tà rẹ.

Nígbà tí mo parí igbe, mo ka lẹ́tà náà sókè fún Ìyá Oníyọ̀. Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó ṣí igbá iyọ̀, ó tún dé e. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un."

Mo ní, "Ìyá, oyún ń bẹ nínú ẹ̀. Ṣé kò ní í dẹ́rù bà á?"

Ó ní, "Jẹ́ kó bà á. Mo ti fi ọmọ kan ra ọ̀rọ̀ dídùn. N kò ní í fi ọmọ-ọmọ rà á."

N kò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé. Má ṣe bá mi kà á. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí, bó o bá sì ti ka ìwé yìí tán ni kó o dìde ṣe é. Lọ bá Ìyá Tápà náà. Kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀, ikùn ńlá tàbí ikùn kékeré. Sọ pé, "Ìyá, ẹ má bínú, ìwà ọmọdé ni mo hù." Mú un wá sílé, kó fọwọ́ kàn ọ́, ohun tó bá sì sọ, gbọ́ ọ títí dé ìparí kó o tó ṣí ẹnu. Má ṣe àmín sí i, má sì kọ̀ ọ́. Bi í pé, "Kí ni ká ṣe?" Ọ̀rọ̀ tó wúlò jù lẹ́nu aboyún nìyẹn.

Fún Sámúẹ́lì ní ìwé yìí kó kà á. Ọmọ dáadáa ni, n kò bá a jà, ìfẹ́ ló ń dààmú ẹ̀, bó ṣe dààmú bàbá rẹ. Sọ fún un pé mo ní ẹni tó bá fẹ́ràn aya rẹ̀, kó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ ní réluwé, kó sì lọ wá yàrá kan sílẹ̀ ní ìlú tí dókítà wà, kí oṣù tó pé. Òfin tí ẹ fi de ọ̀rọ̀ burúkú, kó fà á ya. Ọ̀rọ̀ burúkú kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé, ẹni tó ń kìlọ̀ nìkan ló ń kan ìlẹ̀kùn.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Òótọ́ ni mo ṣèlérí láti máa sọ, nítorí náà gbọ́ apá kejì òótọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi ẹsẹ̀ wáyé tí ìyá wọn ṣì ń lọ ọjà títí di òní, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbà wà nítòsí. Ìyá Lábísí gbà bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ lójú mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ó lè yí padà kí oṣù tó pé. Tó bá yí, a ó jó. Tí kò bá yí, ibi tí dókítà wà ni yóò bá wa. N kò mọ èyí tó máa jẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún ọ pé òun mọ̀ ọ́n, ahọ́n rẹ̀ ló gùn.

O lè bínú sí mi. O ní ẹ̀tọ́. Bí o bá fẹ́ pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ láti òní lọ, pè mí bẹ́ẹ̀, n óò jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gòkè lọ́jọ́bọ̀ ni mo máa wọ̀, Ìyá Oníyọ̀ ní ẹsẹ̀ òun ṣì gbé òun, òun náà ń bọ̀. Kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé igbá iyọ̀ wọ inú ẹ̀.

Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀, ẹnu mi lè yọ̀, kí n bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni. Má wí pé a dúpẹ́. Má wí pé kò séwu. Mú ọwọ́ mi níwájú gbogbo èrò, kó o fi lé ibi tó le lábẹ́ egungun ìhà rẹ.

N kò ní í fà á sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ ọlọ́ṣẹ, tí o ń pè ní ìyá.